Ọwọ́ Inú Àpò

Ẹsẹ̀ méjì ni atúnrédíòṣe kọ́kọ́ rí. Ampilifáyà gìtá ńlá kan ló bo ìyókù ara ẹni tó ń bọ̀. Ìgbà tó gbé ẹrù náà lé orí tábìlì lojú rẹ̀ tó yọ: ojú ọmọge tí òógùn bò, tó sì tún ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà gbàgbé láti kí i káàbọ̀.

“Ti bàbá mi ni kí wọ́n tó kú,” ọmọge onígìtá náà wí. “Ó kàn ń kùn hùn-ùn ni.”

“Ibi tó ti ń gba iná ló ti gbó. Màá tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Á pẹ́ o.”

“Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?”

“Ó dọwọ́ bí o bá ṣe ń wá wò ó sí.”

Ó ń wá wò ó lóòótọ́. Kí oṣù méjì tó pé, ta ló tún ń bèèrè ampilifáyà? Wọ́n ti pinnu pé àwọn máa fẹ́ra, ó ku kí ìyá onígìtá gbọ́.

Ọjọ́ tí ìyá yọjú sí ṣọ́ọ̀bù, iná wà lára ẹ̀rọ náà, ọ̀gbẹ́ni sì ń fi mítà wọ̀n ọ́n. Ó tẹrí ba, “Ẹ káàbọ̀, mà,” ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò.

“Ẹni tó ki ọwọ́ bọ àpò kí mi ló fẹ́ fọmọ mi ṣaya? Kò ní í ṣẹlẹ̀ lójú mi!”

Onígìtá ṣàlàyé títí pé iṣẹ́ ló fà á. Ìyá ní àwáwí ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lọmọ náà ò lè jẹun yó. Kò lè fẹ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ kọ̀, kò sì lè fẹ́ ẹlòmíì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá wá gba ẹrù ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà ṣí sílẹ̀ gbayawu, wáyà rẹ̀ ò sí lára iná. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí i.

“Ẹ má fọwọ́ kàn án!” Ọkùnrin náà fò dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“O tún ń jágbe mọ́ mi? Ṣé iná wà níbẹ̀ ni?”

Ọkùnrin náà mú gílóòbù kékeré kan, ó fi wáyà rẹ̀ kan inú ẹ̀rọ náà. Gílóòbù tàn yòò, ó sì kú díẹ̀díẹ̀.

“Kapásítọ̀ inú rẹ̀ ló ń tọ́jú iná pamọ́, mà, bí wọ́n tiẹ̀ pa á. Bí ọwọ́ méjèèjì bá wà níbẹ̀, iná lè gba ọ̀kan wọlé kó gba ìkejì jáde. Àyà ló máa gbà kọjá. Ìdí tí mo fi ń kọ́wọ́ kan sápò nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.” Ó fi rẹ̀sísítọ̀ kan hàn án. “Èyí ni mo fẹ́ jó mọ́ ọn báyìí, kí iná náà lè máa ṣàn tán fúnra rẹ̀. Ọmọ yín ló máa lò ó.”

Ìyá wá àga, ó jókòó. Ó rántí ọjọ́ tí ẹ̀rọ yìí gbọn ọkọ rẹ̀ ṣubú, tí gbogbo ilé ń sọ pé kò sáà sí iná lára rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ìbínú rẹ̀ ti lọ.

Nígbà tí onígìtá gbọ́ pé ìyá òun ti lọ gba ẹ̀rọ náà, tó sáré dé pẹ̀lú omijé lójú, ìyá ló bá tó ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ọ̀gbẹ́ni lójú iṣẹ́. Wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Kò kùn mọ́. Onígìtá ta okùn gìtá kan, ohùn rẹ̀ sì dún kedere.

“Sọ fáwọn òbí rẹ pé mò ń retí wọn,” ìyá wí fún ọkùnrin náà.

Ọkùnrin náà yíjú sí onígìtá. “Olólùfẹ́ mi, ọjọ́ wo ni kí wọ́n wá?”

“Lónìí!”

“Ọ̀la ni o,” ìyá wí. “Ẹ jẹ́ n gbálẹ̀ ilé ná.”