Sítáǹpù Ìyá Lábọ̀dé

"Keziah, ṣé Lábọ̀dé ti rí ìwé wa báyìí?"

Ìgbà kẹta nìyí tí Àbẹ̀kẹ́, ìyá Lábọ̀dé, bi í lọ́nà odò Òsì. Keziah gbé ojú sápá kan.

"Ó yẹ kó ti rí i, Ìyá."

Irọ́ gbáà ni. Lẹ́tà náà wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ ló bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́ sí Lábọ̀dé tó ń wa kùsà ní Jọ́ọ̀sì, pé kó tètè wálé wo bàbá rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ṣítù tó ń ná Ìlọrin ló ra sítáǹpù rẹ̀ bọ̀. Tuntun ni, èyí tí ìjọba ṣe lọ́dún 1935 nígbà tí ọba Òyìnbó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè: àwòrán orí ọba onírùngbọ̀n wà lójú rẹ̀, pẹ̀lú ilé olókùúta ńlá. Irú rẹ̀ ni Fúnmilọ́lá, ọmọ kíláàsì Keziah, fi ń yangàn níléèwé. Ó wọ Keziah lójú. Ó yọ ògbólógbòó kan lára àpòòwé olùkọ́, ó fọ tàdáwà ojú rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́tà, ó sì fi tuntun há inú Bíbélì. Ó rò pé òun gbọ́n. Àwọn ará pósọ́fíìsì kò gbà á. Wọ́n dá lẹ́tà padà fún Keziah; ẹ̀rù bà á, ó sì fi í pamọ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìbéèrè ọ̀nà odò yẹn, bàbá Lábọ̀dé kú.

Níkẹyìn, Keziah kó lẹ́tà àti sítáǹpù, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Àbẹ̀kẹ́, ó jẹ́wọ́ tẹkúntẹkún.

Àbẹ̀kẹ́ wo àwòrán ojú sítáǹpù náà.

"Lábọ̀dé ò mọ̀wé," ó ní. "Ó lè gbé ìwé sápò títí yóò fi rẹ́ni kà á. Nígbà tí Ṣítù júwe èyí fún mi ni mo ní kó rà á. Àrokò ni mo fi ṣe. Bàbá onírùngbọ̀n rèé, ulé rèé. Bó bá ti fojú kàn án, á mọ̀ pé bàbá òun ń pe òun wá sí ulé."

Keziah dojú bolẹ̀. Ojú tì í débi pé kò lè sunkún mọ́.

"Dìde, kọ òmíràn," ni Àbẹ̀kẹ́ wí. "Ìwọ lo dá ìpè bàbá rẹ̀ dúró. Ìwọ ni kó o sọ ọ́ fún un."

Ó kọ ọ́, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó sì lẹ sítáǹpù náà mọ́ ọn. Láti ọjọ́ yẹn ló ti mọ̀ pé ohun olóhun kì í kéré: bébà tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ ni òun jí, òun sì fi gba ọmọ lọ́wọ́ bàbá tó ń kú lọ.