Ẹni Tó Jókòó Sínú Ẹ̀rọ Kẹta

Láàárọ̀ ọjọ́ kọkàndínlógójì tí Si Mongi, àgbà òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì wọn, kú, ẹ̀rọ kẹta sọ fún Wided pé kò láṣẹ láti wọlé. Ó rò pé òun ṣi ọ̀rọ̀ ìwọlé tẹ̀ ni. Ó tún un tẹ̀. O kò ní àṣẹ.

Àṣẹ kẹ̀? Ọdún mẹ́fà ló ti ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn yìí ní ìlú Sfax! Ẹ̀rọ kẹta kò ní ara tirẹ̀. Inú ẹ̀rọ ńlá ìsàlẹ̀ ilé ló ń gbé pẹ̀lú mẹ́jọ mìíràn. Bó bá gan, fèrèsé kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà ni èèyàn lè ti òkèèrè gbà wọ inú rẹ̀ lọ jí i, ẹnì kan ṣoṣo ni fèrèsé náà sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Láti ìdájí ló ti gan. Hager, àbúrò Wided, wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ lókè, ó lóyún, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Inú ẹ̀rọ kẹta nìkan ni orúkọ àwọn tó ní irú rẹ̀ láàárín ìlú wà.

Wided yẹ àkójọ àwọn tó láṣẹ wò. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gedegbe. Ó yọ ọ́, ó dá a padà. Pàbó ló já sí. Ló bá wo ẹni tó wà nínú fèrèsé náà lọ́wọ́.

Mongi. Láti aago márùn-ún ìdájí.

Ife olóògbé ṣì dojú dé lórí tábìlì rẹ̀. Ní ọ́fíìsì wọn, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan nǹkan òkú kí ogójì ọjọ́ tó pé, títí kan orúkọ tó fi ń wọ ẹ̀rọ. Síbẹ̀, òórùn kọfí olómi òdòdó tí Mongi máa ń mu ń jáde lábẹ́ ife náà.

Si Naceur, ọ̀gá wọn, rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi, fi í sílẹ̀. Ọ̀la ni ogójì."

"Ṣé kí n lọ sọ fún Hager pé kó dúró dọ̀la?"

"A kì í lé òkú jáde, Wided."

"Ọ̀gá, bí òkú bá jókòó sọ́nà alààyè, màá ní kó dìde ni."

Ó kọjú sí ife náà. "Si Mongi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan." Ó gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í jáde. Ọ̀rọ̀ méjì rọra yọ lójú ẹ̀rọ rẹ̀: Má wọlé.

Ó wọlé.

Ẹ̀rọ jí. Nọ́ọ̀sì pariwo lórí fóònù pé àwọn ti rí orúkọ ẹni mẹ́ta, àwọn ti ń pè wọ́n. Wided fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe rí ohun tó wà nínú fèrèsé. Ìwé àwọn tó kú lónìí ló ṣí sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò tẹ nǹkan kan, lẹ́tà sì ń jáde fúnra wọn: H. A. G. Lókè wọn ni ohun tí Mongi ti ń ṣe láti ìdájí wà: ó ti pa orúkọ yìí rẹ́ nígbà irínwó. Abájọ tí ẹ̀rọ fi gan. Ọwọ́ méjì ló ń jà nínú rẹ̀.

"Yéè, mo gbé! Ẹni tó ń gbà wá là ni mo lé jáde!"

E. Ó ku lẹ́tà kan.

Wided pa á rẹ́. Ó tún jáde. Ó tún pa á rẹ́. "Irọ́ lo pa! Àbúrò mi kọ́! Ìwọ gan-an ni o ò láṣẹ níbí!" Si Naceur ń gbàdúrà lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé. Ìka Wided wú, kò gbé e kúrò lórí bọ́tìnnì ìparẹ́.

Ìgbà ìrun ọ̀sán ni nọ́ọ̀sì tún pè. "Lella Wided, ọmọ ti ké. Ìyá ọmọ ti lajú."

Lẹ́tà dáwọ́ dúró. Ojú fèrèsé mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà: W. I. D.

Wided fẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé rẹ̀. "Máa bọ̀," ó ní, ó sì fi ìka mìíràn lé bọ́tìnnì náà.