Ẹ̀jẹ̀ Kò Gba Àtúnkọ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣí ìwé yìí, àlàáfíà Olúwa fún yín. Ọpẹ́ ni fún Ọba tó fi èémí sí wa nímú. Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ ìtàn Keziah.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́dún 2005, Keziah jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nílé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Ìkòsí. Bayoinfọmátíìsì ló ń kọ́ ní yunifásítì: ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń lo kọ̀ǹpútà láti ka ohun tí Ẹlẹ́dàá kọ sínú ara ènìyàn, ẹranko àti irúgbìn. Ẹni tó bá kà á yanjú lè bá àwọn tó ń wá oògùn tuntun ṣiṣẹ́, tàbí àwọn tó ń wá ẹ̀gẹ́ tí àrùn kò ní pa. Ní ti Keziah, àìsàn ìdílé ló fẹ́ máa bá àwọn dókítà tọpa. Ìsinmi ló dé, ni wọ́n bá gbà á kó máa tẹ èsì sínú ẹ̀rọ.

Enoch, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ta páàtì mọ́tò ní Owódé Onírin, wọlé, ó fara ti tábìlì.

"Kẹ́zì, èsì mi dà?"

"AS ni, Bọ̀dá mi. AS náà ni Aunty Súmbọ̀ tí ẹ fẹ́ fẹ́. Ẹ mọ̀ pé pásítọ̀ ò ní so yín pọ̀. Ọmọ yín lè ní fòníkú-fọ̀ladìde."

"Ìdí tí mo ṣe wá nìyẹn. Sọ tèmi di AA. Súmbọ̀ ò gbọ́dọ̀ gbọ́ o."

"Háà! Bọ̀dá mi!"

"Lẹ́tà kan ṣoṣo! Ìwọ tí o ń fọ́nnu pé o ń ka ara ènìyàn bí ẹni ka Bíbélì, A kan ló wá di òkè fún ọ? Ta ló ru irin kí o tó wọ yunifásítì? Plíìsì. Ọlọ́run á bò wá."

Keziah wo àpá irin ní èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà kò bá a jiyàn.

Pásítọ̀ gba èsì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, ó so wọ́n pọ̀. Wọ́n bí Tóbi. Kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ìrora kì í jẹ́ kó sùn. Ní ọsibítù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: SS.

Lọ́jọ́ yẹn, ilé wọn ní Kétu gbóná.

"Dókítà ní bàbá AA kò lè bí ọmọ SS!" Màmá Enoch ń pariwo. "Súmbọ̀, gbé ọmọ yìí lọ fún ẹni tó ni ín!"

Súmbọ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀. "Mummy, mo fi Ọlọ́run búra, n kò mọ ọkùnrin mìíràn."

Enoch tẹjú mọ́lẹ̀.

Keziah ti kàwé jáde nígbà yẹn, ilé àyẹ̀wò náà sì ti gbà á síṣẹ́ gan-an. Bó bá la ẹnu, gbogbo rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Súmbọ̀ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Mummy, ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ yín ló ni Tóbi. AS ni Bọ̀dá mi. Èmi ni mo tẹ irọ́ síbẹ̀."

Súmbọ̀ yíjú sí i.

"Keziah. Ìwọ tí o mọ ohun tí lẹ́tà yẹn lè ṣe?"

Wọ́n lé Keziah níbi iṣẹ́. Gbogbo ẹni tó ti tẹ èsì fún ni wọ́n pè padà wá ṣe àyẹ̀wò mìíràn, wọ́n sì ń ṣépè bí wọ́n ṣe ń tò sẹ́nu ọ̀nà. Kí Ọdún Àjíǹde tó dé, Tóbi kú. Súmbọ̀ kó ẹrù rẹ̀ padà sí Abẹ́òkúta, kò sì kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀.

Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Eérú yìí, ojú ọmọ kékeré ló kọ́kọ́ bà sí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kàwé, ẹ kà á jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, ọ̀bẹ ni lọ́wọ́ ẹni tó ń tòògbé. Ẹni tí ẹ fẹ́ràn jù lọ ló lè bẹ̀ yín pé kí ẹ purọ́. Ẹ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹ ó kọ̀ fún un. Kí Olúwa fi òtítọ́ sí yín lọ́wọ́. Kí ìmọ̀ yín má ṣe sọ ẹnikẹ́ni di ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀. Àmín.