Ẹni Tó Júwe Ọ̀nà Irà

"Wọ́n sá wọ inú irà," ni Honoré, olùkọ́ wọn, wí. "Àwọn Nọ́máńdì ti gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àwọn Sáàsónì tó ni ilẹ̀ kọ̀, wọn ò tẹrí ba. Ẹrẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ ẹṣin ọ̀tá mì."

Kíláàsì pariwo. Ó jọ ìtàn àwọn baba tiwọn, tí wọ́n bá Faransé jà nínú irà Ọ̀họ̀rí. Olùkọ́ ní kí kálukú lọ béèrè ìtàn ogun náà nílé, kí ó wá kà á níwájú gbogbo ará Pobè lọ́jọ́ òmìnira. Ó kù díẹ̀ kí ó pé ọdún méjì tí Dáhómè gba òmìnira.

"Jagunjagun ni bàbá mi àgbà," ni Berthe sọ fún Victorine, ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ogun yẹn ló pa tèmi," ni Victorine dáhùn.

Lọ́jọ́ Sátidé, Berthe lọ bá Fádèyí, bàbá bàbá rẹ̀, ní abúlé Ahoyéyé. Àgbàdo ni bàbá náà ń bó. Nígbà tí Berthe béèrè ìtàn ogun náà, ó gbé àgbàdo sílẹ̀.

"N kò jagun, ọmọ mi. Àwọn sójà Faransé mú ìyá rẹ àgbà àti bàbá rẹ tó wà lẹ́nu ọmú. Wọ́n ní àwọn yóò yìnbọn pa wọ́n bí n kò bá júwe ọ̀nà tí àwọn ènìyàn wa gbà wọ irà. Mo ṣáájú wọn, mo júwe rẹ̀ títí a fi débẹ̀. Wọ́n pa Ṣóbándé. Bí o bá máa sọ ọ́, má fi nǹkan kan pamọ́."

Ṣóbándé ni bàbá àgbà Victorine.

Ìtàn akọni ni Berthe kọ sínú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dúró níwájú èrò lọ́jọ́ òmìnira, Victorine rẹ́rìn-ín sí i. Berthe pa ìwé náà dé, ó sọ òtítọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Victorine ò ti bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní ọmọ ọ̀dàlẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Victorine mú ìyá rẹ̀ àgbà, Rébecca, opó Ṣóbándé, wá sílé Fádèyí. Berthe àti bàbá rẹ̀, Bonaventure, wà níbẹ̀. Fádèyí dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Níbo ni ọkọ mi ṣubú sí?" ni Rébecca béèrè.

"Lábẹ́ igi ọ̀pẹ kan, létí omi. Ó rí mi."

"Ọmọ tí wọ́n fẹ́ pa ńkọ́?"

Bonaventure bọ́ síwájú. Ìyá náà wò ó títí, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Berthe," ló wí, "bu omi fún mi mu."

Victorine ló tẹ̀ lé Berthe lọ sídìí àmù.

Berthe wá mọ̀ pé òtítọ́ lè dójú ti ni, ó sì lè gba ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ ẹni fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ó purọ́ ni, ìyá yìí ì bá kú láìmọ ibi tí ọkọ rẹ̀ sùn sí.