Kóòtù Tó Wà Lábẹ́ Sálúbàtà

Ọ̀rẹ́ mi, bí ẹsẹ̀ bá ń ro ọ́ bí o ṣe ń ka ìwé kékeré yìí, jókòó. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún ọ kì í ṣe ti ọ̀mùtí, kì í sì í ṣe ti olóògùn. Ìtàn obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Woolwich, nílùú òyìnbó yìí, ni, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ọmọ Ọlọ́run.

Mojọláolúwa ni orúkọ rẹ̀, Mojọlá ni wọ́n ń pè é. Thamesmead ló ń gbé, ó sì ti lo ọdún mẹ́sàn-án nínú ilé ìtajà aṣọ ńlá kan tí kò jìnnà sí Beresford Square. Ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí lè rò pé ìgbádùn ni: inú ilé, aṣọ tuntun, orin. Irọ́ ni o. Ìdúró ni iṣẹ́ náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wàá ká ogójì súẹ́tà sórí tábìlì, oníbàárà kan á dé, á fa èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yọ, á wò ó, á jù ú sílẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Wàá tún un ká. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń wọ aṣọ wò, wàá máa ṣa aṣọ nílẹ̀ bí ẹni ń ṣa àgbàdo. Orin kan náà lo máa gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́, wàá sì máa rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń bú ọ.

Ó rẹ Mojọlá. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tipẹ́. Bó bá ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé, bàtà ló kọ́kọ́ máa ń bọ́, kò bìkítà fún ẹni tó ń wò ó.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ wá wò ó! Òun ni olórí àwọn tó ń gba èrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí obìnrin tí kóòtù rẹ̀ dára tó tirẹ̀ ní gbogbo ìjọ náà. Bí àwọn ará bá ní, "Sister Mojọlá, ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni?" á rọra fọwọ́ tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Ibẹ̀ nìkan ni ara ti ń tù ú láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pàṣẹ fún láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun náà á fẹ́ ibì kan tí wọ́n á ti wo òun. Mi ò dá a lẹ́bi fún ìyẹn. Ọ̀nà tí àwọn kóòtù náà ń gbà wá ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí kóòtù gidi kan bá dé, Mojọlá kì í rà á ní iye tí wọ́n ń tà á. Á mú ìwọ̀n tó bá a mu, á gbé e wọ sítọ́ọ̀, á sì fi pamọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní wò. Ó di ìgbà tí wọ́n bá lẹ sítíkà pupa mọ́ irú rẹ̀, tí owó rẹ̀ já wálẹ̀, kó tó gbé e jáde, kó sì lọ sanwó bí ọmọlúàbí. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ máa ń sọ láàárín ara wọn pé àwọn "tẹ́ aṣọ sùn". Òfin ilé ìtajà náà kọ̀ ọ́, gbogbo wọn ló sì mọ̀. Ṣùgbọ́n Mojọlá ní èsì tirẹ̀: "Ṣé mo jalè ni? Ṣebí mo sanwó."

Kò ka irọ́ tó wà nídìí ẹ̀ sí. Bí oníbàárà bá bèèrè aṣọ tó ti tẹ́ sùn, ẹnu tó fi ń kọrin ìyìn lọ́jọ́ Ìsinmi náà ló fi ń sọ pé, "Ó ti tán."

Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan, kóòtù kan dé, àwọ̀ wáìnì, ó nípọn, ó sì rọ̀ lọ́wọ́. Ọkàn Mojọlá fà sí i. Ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré. Ó mú ìwọ̀n tirẹ̀, mẹ́rìndínlógún, ó ká a dáadáa, ó sì tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ páálí sálúbàtà tí wọn kò rí tà nígbà ooru. Ta ni yóò wá sálúbàtà nínú òtútù? Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo ìwọ̀n mẹ́rìndínlógún yòókù ti tà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìyá àgbàlagbà kan wọlé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ó wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun. Súẹ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wọ̀, ó ń gbọ̀n. Sakeenah, ọmọbìnrin tó ń bójú tó ẹ̀ka kóòtù, ló dá a lóhùn. Ìlú yìí ni wọ́n bí Sakeenah sí, ọmọ Yorùbá ni, Mùsùlùmí sì ni, kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ṣì ń dán an wò. Kóòtù wáìnì yẹn ni ìyá fẹ́, ìwọ̀n mẹ́rìndínlógún ló sì lè gbà á. Sakeenah tẹ ẹ̀rọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń wo iye ọjà tó kù. Ẹ̀rọ ní ọ̀kan ṣẹ́ kù nínú ilé.

Ó sáré tọ Mojọlá lọ lẹ́nu yàrá ìwọṣọ. "Auntie Mojọlá, please, ẹ bá mi wò ó. System ní one ṣì wà. It must be somewhere."

"System yẹn máa ń parọ́," ni Mojọlá wí, kò gbójú sókè kúrò lára súẹ́tà tó ń ká. "Wọ́n á ti jí i. Sọ fún Mummy pé ó ti tán."

Sakeenah kò gbà. Ó wá gbogbo ẹ̀ka, ó wọ sítọ́ọ̀, ó gun àkàbà, ó ń tú páálí wò fún bíi wákàtí kan. Mojọlá tẹ̀ lé e débẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tí kámẹ́rà kì í dé, ó díbọ́n pé hángà lòun wá mú. Ó rí i nígbà tí ọmọ náà gbé páálí sálúbàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ náà kò ṣí i. Nígbẹ̀yìn, ìyá ló bẹ̀ ẹ́: "Ó tó, ọmọ mi. O ti ṣe wàhálà jù." Sakeenah gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀, ìyá sì jáde sínú òjò.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ṣùgbọ́n kí òtítọ́ tó dé, ọrùn ẹlòmíràn ni irọ́ máa ń kọ́kọ́ fún.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ka ọjà, kóòtù kan kò sì pé. Chloe, máníjà wọn, wo kámẹ́rà sítọ́ọ̀. Kí ló rí? Sakeenah ni, ó ń tú páálí fún wákàtí kan. Ó pè é síwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní kó da báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ìgò omi, híjáàbù kan àti búrẹ́dì ọ̀sán rẹ̀ ló jáde.

"Mo ń wá a fún customer ni," ni Sakeenah ń sọ. "Ask Auntie Mojọlá. She was there."

Chloe yíjú sí Mojọlá. Gbogbo ènìyàn yíjú sí i.

"Yàrá ìwọṣọ ni mo wà," ni Mojọlá wí. "Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Chloe ní kí Sakeenah wá rí òun láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó wá gbọ́ bóyá yóò dúró tàbí yóò lọ. Mojọlá padà sídìí súẹ́tà rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń ká aṣọ, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń ká.

Amos wà níbẹ̀, ọmọ Ìlá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà náà. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó ra tíì méjì, ó sì bá Mojọlá lórí bẹ́ǹṣì ní Beresford Square, níbi tí àwọn ọlọ́jà ti ń pariwo ọjà wọn.

"Sister, ó rẹ̀ yín," ni Amos wí.

"Ta ni kò rẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin náà ń dúró láti àárọ̀."

"Ẹsẹ̀ ló ń ro mí. Tiyín kọjá ẹsẹ̀." Ó na tíì kan sí i. "Ẹ má bínú sí mi o. Ṣé ẹ ti fi ayé yín fún Jésù?"

Mojọlá bú sẹ́rìn-ín. "Uncle Amos! Èmi tí mo jẹ́ head usher?"

"Mi ò bèèrè ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi náà ṣe elder fún ọdún méje kí n tó mọ̀ Ọ́n. Gbogbo ìgbà yẹn, mò ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn ẹlòmíì ni, èmi gan-an ò wọlé."

Inú bí Mojọlá. Ó dìde, ó fi tíì rẹ̀ sílẹ̀ láìmu. Ta ni ẹ̀ṣọ́ tó ń wàásù fún òun?

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi mọ́, ó wọ kóòtù rẹ̀ tó dára jù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kí àwọn ará káàbọ̀. Ta ló tún rí? Ìyá Ìjẹ̀bú-Igbó ni, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ àti ọmọ tuntun. Ìyá ti fi ìró borí súẹ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ̀, ó sì so ó mọ́ ọrùn.

"Ah! Ṣé ìwọ kọ́ ni mo rí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́sí?" Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ọwọ́ ìyá tutù bí omi àmù. "Bá mi kí ọmọ yẹn o, èyí tó bá mi wá kóòtù. Mò ń gbàdúrà fún un. Ìwọ náà, ọmọ mi, bí o ṣe ṣe sí mi, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run á ṣe sí ẹ."

"Àmín!" ni gbogbo àwọn tó wà nítòsí wí.

Mojọlá yanu. Àmín kò jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Bí àgbà bá ṣàdúrà fún wa, àmín ti wà lẹ́nu kó tó parí. Láti kékeré ni wọ́n ti fi kọ́ wa. Obìnrin tó ti ń ṣe àmín fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta kò rí i ṣe lọ́jọ́ yẹn, nítorí ó mọ ohun tó ṣe sí ìyá. Bí Ọlọ́run bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí i lóòótọ́ ńkọ́? Bó bá dé ẹnubodè ọ̀run, tí wọ́n sì sọ fún un pé, "Ó ti tán"?

Kò gbọ́ ìwàásù ọjọ́ náà rárá.

Ní agogo méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Amos ń ṣí ilẹ̀kùn ilé ìtajà nígbà tí Mojọlá dé. Kò kí i. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Uncle, èmi ni mo gbé kóòtù yẹn pamọ́."

Amos wò ó títí. "Ọmọ yẹn sunkún lójú mi lọ́jọ́ Saturday," ló wí, ó sì hàn nínú ohùn rẹ̀ pé ó dùn ún gan-an. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ sọ fún Ọlọ́run ná. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ fún Chloe."

Mojọlá wọ ọ̀kan nínú àwọn yàrá ìwọṣọ, ó kúnlẹ̀. Abẹ́rẹ́ aṣọ tó já sílẹ̀ gún un lórúnkún, kò yẹ̀. Dígí mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ibi tó bá kọjú sí, ara rẹ̀ náà ló ń rí. Ó di ojú, ó ní, "Jésù, ó rẹ̀ mí. Irọ́ ti rẹ̀ mí. Ẹnu ọ̀nà ilé Yín ni mo ti ń dúró láti ọjọ́ yìí, mi ò wọlé rí. Ẹ dárí jì mí. Ẹ jẹ́ kí n wọlé." Kò rí ìran kankan, kò gbọ́ ohùn. Ṣùgbọ́n ó sunkún bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀, nígbà tó sì dìde, ó mọ̀ pé Ó ti gba òun.

Ó tú páálí sálúbàtà sílẹ̀, ó fa kóòtù yọ, ó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì Chloe. Sakeenah ti jókòó níbẹ̀, báàgì rẹ̀ lórí itan.

"Èmi ni mo gbé e pamọ́," ni Mojọlá wí. "Ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan."

"But I asked you," ni Sakeenah wí. "Auntie, mo bi yín."

"O bi mí, mo sì parọ́ mọ́ ẹ. Jọ̀ọ́, forí jì mí."

Mi ò ní purọ́ fún yín pé Sakeenah dì mọ́ ọn. Ẹkún ló ń sun. Ó dúró lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀; Mojọlá ni wọ́n lé kúrò kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Lẹ́tà olójú ewé kan ni wọ́n fi parí ọdún mẹ́sàn-án. Ó lọ bá pásítọ̀ rẹ̀, ó jẹ́wọ́, ó sì fi ipò ẹnu ọ̀nà sílẹ̀. Ọ́fíìsì ló ń gbá báyìí, ẹsẹ̀ ṣì ń ro ó. Jésù kò ṣèlérí pé ẹsẹ̀ kò ní ro wá. Ọkàn ló ṣèlérí ìsinmi fún, ó sì ti fún un.

Sakeenah pe nọ́ńbà ìyá tó gbà sílẹ̀, ìyá sì wá ra kóòtù náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìyá wọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú kóòtù wáìnì, ara rẹ̀ móoru. Mojọlá lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú kóòtù àtijọ́ kan, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, "Ọlọ́run tó dárí jì mí á dárí jì ẹ́."

"Àmín," ni Mojọlá wí. Gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn ló gbọ́ ọ.

Ìwọ tí ò ń ka èyí ńkọ́? Bóyá kì í ṣe kóòtù lo fi pamọ́. Bóyá ìwọ náà ń kọrin, ò ń gba èrò, o sì ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n páálí kan wà tí o kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí. Ó ti rẹ̀ ọ́, o sì ń pè é ní iṣẹ́. Jésù kú fún ẹ̀ṣẹ̀ yẹn gan-an. Àyè rẹ ṣì wà lọ́dọ̀ Rẹ̀ lónìí. Kò tíì tán. Mi ò lè bá ọ sọ ti ọ̀la. Kúnlẹ̀ síbi tí o wà, nínú yàrá rẹ tàbí lẹ́nu iṣẹ́ rẹ, kí o sọ òótọ́ fún Un.

Bí o ṣe ṣe sí ọmọnìkejì rẹ, bẹ́ẹ̀ ni kí Ọlọ́run ṣe sí ọ. Ṣé o lè ṣe àmín?