Ihò USB Mẹ́rin àti Ohùn Màámi

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó ń tẹ fóònù, bá mi gbé e sílẹ̀ ná. Ẹni tó wà lẹ́yìn, máa bọ̀ níwájú, torí ìtàn yìí, tẹ́ ẹ bá fi etí kan gbọ́ ọ, ibi tó ti gbóná gan-an lẹ máa pàdánù.

Ọmọbìnrin kan wà tí gbogbo ilé ń pè ní Ọwọ́-ò-dilẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Tó bá jókòó, ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa jó. Tó bá dìde, ọwọ́ ẹ̀ á ti wà nínú nǹkan tí ò kàn án. Rédíò ilé, ó ti tú u. Aago ara ògiri, ó ti tú u, ìyẹn ò sì rìn mọ́ títí dòní.

Iṣẹ́ ìyá ẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Màámi, ni kó máa kàwé fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ tójú wọn ò ríran. Màámi á wọ yàrá ẹ̀yìn, á ti ilẹ̀kùn, á máa kàwé síwájú gbohùngbohùn, kọ̀mpútà á sì máa gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, ìwé ìtàn ìgbà àtijọ́ kan ló ń kà, orí méjìlá. Àwọn ọmọ yẹn máa ṣèdánwò lórí ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó ti ka orí mẹ́sàn-án.

Ìyọnu kọ̀mpútà náà ò ju ẹyọ kan lọ: ihò USB mẹ́rin péré ló ní, méjì sì ti kú. Kíbọọ̀dù jókòó sínú ọ̀kan, mọ́úsì jókòó sínú ìkejì. Tí Màámi bá fẹ́ ki gbohùngbohùn bọ̀ ọ́, àfi kó kọ́kọ́ lé mọ́úsì dìde. Nígbà tó sú u, ó ra káàdì kan tó ní ihò mẹ́rin, èyí tí wọ́n máa ń fi sínú kọ̀mpútà.

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Bọ̀dá Kọ̀mpútà ń bọ̀ wá fi í sí i," Màámi wí. "Má fọwọ́ kàn án o."

"Màámi, ṣé mo sọ nǹkan ni?"

"Ẹnu ẹ ò sọ ọ́. Ìka ẹ ló ń sọ ọ́."

Nígbà tó di Ọjọ́rú, Màámi jáde. Kò pẹ́ ni Tínrín, ọ̀rẹ́ Ọwọ́-ò-dilẹ̀, wọlé pẹ̀lú pádì géèmù méjì lọ́wọ́.

"Ibo la fẹ́ ki èyí bọ̀? Kò sáyè! Ìwọ tó o ní kò sí kọ̀mpútà tó o ò lè tún ṣe. Ẹnjiníà orí ahọ́n!"

Ẹ̀gàn yẹn wọ Ọwọ́-ò-dilẹ̀ lára bí ẹ̀gún. Ó mú sikurudiráfà, ó pa kọ̀mpútà, ó tú ìbòrí ẹ̀. Ó ki káàdì bọ ojú ibi tó rò pé ó yẹ. Káàdì kọ̀. Ó tì í. Ó tún kọ̀. Ó wá fi gbogbo agbára tì í, apá ẹ̀ sì há sáàárín àwọn wáyà, ló bá fà á yọ tipátipá.

Ló bá tan kọ̀mpútà. Ojú ẹ̀ dúdú kirikiri, kọ̀mpútà kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò rí ibi tóun ń kó nǹkan pamọ́ sí.

"Ọ̀rẹ́, màmá mi ń pè mí," Tínrín wí, ó ti ń kó pádì ẹ̀.

"Màmá ẹ tó wà níbi iṣẹ́?"

"Inú ọkàn mi ló ti ń pè mí."

Bó ṣe lọ nìyẹn o. Ọwọ́-ò-dilẹ̀ yọ káàdì, ó dá a padà sínú páálí, ó de ìbòrí padà.

Màámi dé. "Kí ló ṣe kọ̀mpútà yìí?"

"Mi ò mọ̀, Màámi."

Màámi pe Bọ̀dá Kọ̀mpútà, ìyẹn ní òun rìnrìn àjò, àfi ọjọ́ Àbámẹ́ta náà. Màámi mí kanlẹ̀. "Gbogbo orí mẹ́sàn-án ti nù nìyẹn. Àwọn ọmọ yẹn ò gbọ́dọ̀ wọ ìdánwò lọ́wọ́ òfo. Màá tún un kà, màá fi fóònù gbà á sílẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Ọwọ́-ò-dilẹ̀ ń gbọ́ ohùn yẹn lára ògiri. Ó jókòó, ó dìde. Ó ṣí ìwé, ó pa á dé. Nígbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀, ó gbé omi gbígbóná lọ bá ìyá ẹ̀ nígbà márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ọ̀rọ̀ náà dé ètè ẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló gbé e mì. Ní orí kẹjọ, ohùn Màámi pa tán pátápátá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Bọ̀dá Kọ̀mpútà tú ìbòrí, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó rẹ́rìn-ín. "Wáyà kan ló yọ!" Ó tì í padà, ó tan kọ̀mpútà. Orí mẹ́sàn-án ìjọsí wà níbẹ̀, ẹyọ kan ò sọnù. Kò gbà á ní ìṣẹ́jú méjì.

Màámi gbá orí mú.

"Ó lè jẹ́ eku ló fà á yọ o," Bọ̀dá wí, àmọ́ Ọwọ́-ò-dilẹ̀ ló ń wò. Màámi mi orí pé ó ṣeé ṣe.

Ẹ rí i, ọ̀nà ti là. Kó kàn dákẹ́ ni, eku á ru ẹrù náà lọ.

"Eku kọ́, bọ̀dá," ó wí. "Èmi ni."

"Mo mọ̀," Bọ̀dá dáhùn. "Wo eruku inú ẹ̀. Eku wo ló ní ìka márùn-ún tó tóbi báyìí?"

Màámi, tí gbogbo àdúgbò máa ń gbọ́ tó bá ń bínú, ò lè pariwo. Ó sún mọ́ ọmọ ẹ̀, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Látọjọ́rú lo ti mọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Gbogbo bí mo ṣe ń kà á yẹn, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, mà." Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

Bọ̀dá ní kó wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó yọ wáyà iná lára ògiri, ó sì fi hàn án pé ojú ibi méjì ló wà, ọ̀kan ṣoṣo ló bá káàdì mu. "Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, àbúrò." Káàdì wọlé wọ́ọ́rọ́.

Màámi wá tọ́ka sí àga tó wà níwájú gbohùngbohùn. Orí mẹ́ta ló kù, òun ò sì lóhùn mọ́. Ọwọ́-ò-dilẹ̀ jókòó, ó kà á. Tó bá ṣì í kà, Màámi á gbá tábìlì, ọmọ ẹ̀ á sì tún un kà látòkè. Ọrùn ń dùn ún, ẹ̀yìn ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò dìde títí ó fi parí ẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ yẹn rí ìwé wọn gbọ́ kí ìdánwò tó dé. Ohùn Màámi sì lo ọ̀sẹ̀ méjì kó tó padà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, wáyà tó yọ ò ba nǹkan kan jẹ́. "Mi ò mọ̀" ló ba ohùn ìyá jẹ́. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, kó tètè là á, torí ìṣẹ́jú méjì ni àtúnṣe ẹ̀ lè gbà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló máa ń sọ ọ́ di ọjọ́ mẹ́ta.

Ó yá, ẹ dá mi lóhùn: tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbé omi gbígbóná yẹn dání lẹ́nu ilẹ̀kùn Màámi, kí lẹ máa sọ?