Ọkọ̀ Ojú Irin Tèmi Ńkọ́?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ ká ẹsẹ̀ kò. Ìtàn kan wà lẹ́nu mi, mo fẹ́ sọ ọ́ kó tó tutù.

Péńpé ni wọ́n ń pe ọmọ náà, torí kò ga. Bàbá rẹ̀ ló ń to ojú irin tí ọkọ̀ ń gbà kọjá.

Péńpé ní ọkọ̀ ojú irin onípákó kan. Gbàgà-gbàgà! Gbàgà-gbàgà! Ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹyinjú.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá lo ọlidé. Bọ̀dá Gíga ni. Ó kó ọkọ̀ ojú irin ìṣeré méjì àti ojú irin wọn jáde nínú báàgì.

"Wo èyí! Ní orílẹ̀-èdè kan, wọ́n ṣe imú rẹ̀ gùn bí ẹnu ẹyẹ apẹja. Fììììì!"

"Wo èyí náà! Ní orílẹ̀-èdè mìíràn, òòfà ló ń gbé e sókè. Kì í fara kan ilẹ̀. Ṣììììì! Tìẹ ńkọ́?"

Péńpé ti tirẹ̀. Gbàgà-gbàgà.

"Háà! Ọkọ̀ nìyí àbí ìgbín?"

Owú mú Péńpé. Ó ń jẹ ẹ́ bí èèrà ṣe ń jẹ ṣúgà.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n bá yín to ojú irin."

Ó tò ó. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ kọ́nà kan báyìí, wọ́ọ́!

Bọ̀dá Gíga tẹ bọ́tìnì. Fììììì… Gbàì! Onímú gígùn fò kúrò lójú irin.

"Yéè! Ọkọ̀ mi ti bàjẹ́!" Bọ̀dá Gíga bú sẹ́kún.

Péńpé rò pé inú òun á dùn. Kò dùn rárá.

"Bọ̀dá, ọkọ̀ yín kò bàjẹ́. Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ kọ́nà yẹn. Mo jowú yín."

"Ìwọ! Ìkà kékeré!"

"Ẹ má bínú. Bàbá mi sọ pé ọkọ̀ tó bá ń sáré gan-an, kọ́nà tó rọra yí ló ń fẹ́. Ẹ bá mi ti àga."

Wọ́n ti àga. Wọ́n gbé tábìlì. Péńpé to ojú irin yípo pálọ̀, ó rọra ń yí, ó ń yí.

Fììììì! Ó lọ. Fììììì! Ó bọ̀. Kò ṣubú!

Bọ̀dá Gíga fọwọ́ lẹ́rán.

"Kí ló dé, Bọ̀dá?"

"Bàbá tèmi ò mọ ojú irin tò. Èmi náà ti ń jowú báyìí."

Péńpé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Màá kọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ ó máa pè mí ní ọ̀gá o."

"Ọ̀gá Péńpé, ẹ̀yin lẹ wí."

Ìyá Péńpé ló sọ ọ́ fún mi. Èmi náà ti gbé e lé yín lọ́wọ́.